Gbàǹjo Orrin Pettengill

Ẹni tó bá sọ pé Haskin Hollow ní ìtàn, ẹ bá mi bi í pé ìtàn wo. Ọ̀kẹ́rẹ́ tó wà lórí igi wa pọ̀ ju àwa ènìyàn lọ. Ohun tí a ní ò ju ṣọ́ọ̀ṣì tí agogo rẹ̀ ti sán, ìpìlẹ̀ ilé ọlọ tí àgbàrá gbé lọ, ilé ẹ̀kọ́ oníyàrá kan, itẹ́ òkú tó tóbi ju abúlé fúnra rẹ̀ lọ, àti Òkúta Gbàǹjo tó wà níwájú ibi tí ilé ọtí wà kí iná tó jó o. Ó tán. Síbẹ̀ Verna Loomis, olórí Ẹgbẹ́ Ìtàn wa, lè fi nǹkan wọ̀nyí sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí màlúù yóò fi wọlé fún wàrà fífún.

Ọjọ́ Àbọ̀wálé ni ọjọ́ tirẹ̀. Lóṣù kẹjọ ọdọọdún, àwọn ọmọ wa tó ti sá lọ sí ìlú ńlá á wá gúnlẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ dídán, wọn á jẹ adìẹ yíyan nílé panápaná, wọn á ní, "Afẹ́fẹ́ ibí yìí mà dára o," wọn á sì gun kẹ̀kẹ́ koríko, kẹ̀kẹ́ ẹrù ńlá tí a fi ń kó koríko lóko. Katakata ni yóò fa kẹ̀kẹ́ náà láti ibi ìtàn kan dé òmíràn, Verna á dúró níwájú pẹ̀lú gbohùngbohùn lọ́wọ́, á máa parọ́. Á ní Ebenezer Haskin ló ra ilẹ̀ yìí. Ó rà á lọ́wọ́ ta ni? Wọ́n ti lé àwọn tó ni ín kọjá òkè kí Ebenezer tó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Á ní ilé ọlọ wa ni ògo agbègbè yìí. Kò jẹ́ sọ pé ọlọ́lọ náà ń fi àtàǹpàkò tẹ ìwọ̀n, àti pé lọ́jọ́ tí àgbàrá gbé ilé rẹ̀, àwọn kan dúró lórí òkè, wọ́n pàtẹ́wọ́. Èmi Ardith, ọmọge ni mí nígbà tí wọ́n gbé mi níyàwó wá síbí, irun mi ti funfun tán, wọ́n ṣì ń pè mí ní "ọmọbìnrin Cobb Hill yẹn." Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran. Irọ́ ni. Èmi ń rí.

Ibi tí wọ́n fẹ́ràn jù ni Òkúta Gbàǹjo. Ìtàn rẹ̀ rèé bó ṣe rí gan-an. Láyé àwọn baba ńlá, ẹni tí kò bá ní ilé, tí kò sì ní ènìyàn, abúlé ló gbọ́dọ̀ bọ́ ọ. Abúlé kò sì fẹ́ ìnáwó. Nítorí náà, bí yìnyín bá ti ń yọ́, wọ́n á kó àwọn tálákà wá síwájú ilé ọtí, wọ́n á mú wọn dúró lórí òkúta tí àwọn olówó fi ń gun ẹṣin, wọ́n á lù wọ́n ní gbàǹjo. Àmọ́ ìsàlẹ̀ ni gbàǹjo yìí ń lọ, kì í lọ sókè. Ẹni tó bá ní òun lè fi ohun tó kéré jù lọ bọ́ tálákà náà ló ń mú un lọ sílé, á sì máa lò ó bó ṣe wù ú títí ọdún á fi yí po. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Thankful Rudd. Ọdọọdún ni wọ́n ń tà á, ọdọọdún ni oúnjẹ rẹ̀ ń dín kù, títí wọ́n fi bá a nínú ilé màlúù níjọ́ kan, ó ti gan. Kò sí òkúta lórí sàréè rẹ̀. Lẹ́nu Verna, Thankful ti di àwàdà.

Eré ni wọ́n wá fi ń ṣe báyìí. Wọ́n á wọ àkísà fún ẹnìkan, á gun òkúta, Burdett Sloat tó jẹ́ onígbàǹjo gidi, tí gbogbo agbègbè mọ̀, á gbé òòlù igi rẹ̀ wá, àwọn èrò orí kẹ̀kẹ́ á sì máa díje. "Èmi á fi ẹyin méjì bọ́ ọ lójúmọ́!" "Èmi, ẹyin kan!" "Èmi, èèpo ẹyin!" Ẹni tí tirẹ̀ bá burú jù ló borí, Verna á fún un ní páì.

Lọ́dún tó kọjá, Orrin Pettengill ni wọ́n mú. Orrin kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni wọ àkísà fún un.

Lẹ́yìn Burdett ni Orrin ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Òun ló ń gbé ọjà sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí i, òun ló ń nàka sí ẹni tó bá dá owó lé e, tí á sì kígbe pé "Hẹ́p!" kí Burdett lè gbọ́. Nígbà tí Leta ìyàwó rẹ̀ kú, ilé onítaya, irú èyí tí ọkọ̀ lè fà, tí wọ́n jọ ń gbé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà láti ìsàlẹ̀. Àwọn aláṣẹ wá wò ó, wọ́n ní ènìyàn kò gbọdọ̀ gbé ibẹ̀ mọ́, wọ́n wọ́ ilé náà lọ. Orrin bá gbé ibùsùn onírin kan wọ inú ilé ẹ̀kọ́ oníyàrá kan, ó tún ààrò ibẹ̀ ṣe, ó ń sùn síbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà òtútù kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, torí pé òun ló ń bá wa kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ẹgbẹ́ Ìtàn fẹ́ sọ ilé ẹ̀kọ́ náà di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, tí wọn yóò sì ṣí i lỌ́jọ́ Àbọ̀wálé, Orrin di pàǹtí tí wọ́n fẹ́ gbá.

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì yẹn náà ni Verna ti sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ ìsinmi kan. Mo dúró tì wọ́n.

"Orrin, a fẹ́ lo ilé ẹ̀kọ́ yẹn o. Kó tó di Ọjọ́ Àbọ̀wálé, kí o ti kó jáde."

"Mo gbọ́. Ibo ni kí n kó lọ?"

"Áà, ìwọ náà! Ṣé o ò ní ènìyàn ni?"

"Leta ni mo ní."

Verna wo bàtà ara rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ là. "Ó yá, wá bá wa ṣe tálákà lọ́dún yìí. Gbogbo ayé á rí ọ. Ta ló mọ̀, bóyá ẹnìkan á mú ọ lọ sílé lóòótọ́!"

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń lé eṣinṣin, ó ti gbàgbé rẹ̀ kó tó dé ìdí ọkọ̀. Orrin kò gbàgbé. Mo ní, "Orrin, àwàdà ni obìnrin yẹn ń ṣe o. Má gbé e sọ́kàn."

"Ardith, ta ni yóò lu gbàǹjo ọ̀hún?"

"Burdett ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?"

"Ó tán. Bí òòlù Burdett bá ti jábọ́, kì í ṣe àwàdà mọ́."

Ẹni tí kò bá gbé láàárín wa á ní orí arúgbó ti dàrú. Kò dàrú. Níhìn-ín, gbàǹjo la fi ń ra màlúù, òun la fi ń ra àga òkú, òun la fi ń ra katakata ẹni tí oko ti sú. Bí òòlù bá ti jábọ́, ọjà ti di tìrẹ, ì báà jẹ́ pé imú rẹ lò ń họ. Garth ọmọ mi fi fìlà lé eṣinṣin nídìí gbàǹjo nígbà kan, ó gbé dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì kan bọ̀ wálé. Inú àká koríko ló wà títí dòní, adìẹ ń yé sínú rẹ̀. Ṣé ó dá a padà? Ó tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ tó ti sọ níwájú òòlù, kò sẹ́ni tí yóò ta okùn ewúrẹ́ fún un mọ́ ní agbègbè yìí. Inú òfin yìí ni Orrin ti lo ayé rẹ̀. Ó ti rí àgbà ọkùnrin tó ń sunkún, tó sì ń di ẹrù sínú ọkọ̀ bó ṣe ń sunkún.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, Orrin fá irùngbọ̀n rẹ̀, ó wọ táì tó wọ̀ lọ síbi ìsìnkú Leta. Inú bí Verna.

"Àkísà dà? Ta ni yóò rí ẹni tó wọ táì tí yóò rẹ́rìn-ín?" Ó fa àpò oúnjẹ màlúù kan tó ti ya yọ, ó fi bò ó léjìká. Orrin gbé báàgì kan dání. Verna rò pé ara eré ni, ó yìn ín. "Ẹ wo báàgì! Ìyẹn wù mí." Aṣọ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú abẹ ìfárí àti fọ́tò Leta.

Ó gun òkúta. Kẹ̀kẹ́ kún fọ́fọ́, àwọn ọmọdé jókòó sórí itan àwọn ìyá wọn. Burdett gbé òòlù sókè.

"Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yin ará! Eyín rẹ̀ ò pé, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ṣì ń jẹun! Ta ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?"

"Ọbẹ̀ àwo kan lójúmọ́!"

"Ìdajì àwo!"

"Pòtétò kan!"

"Èèpo pòtétò!"

Orrin ń yí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí òkúta, bó ṣe máa ń yí kọ́bọ́ọ̀dù kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí i. Nígbà tó ṣe, iṣẹ́ tó ti mọ́ ọn lára gbé e. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nàka sí àwọn tó ń díje, ó ń kígbe, "Hẹ́p!" Wọ́n ń fa oúnjẹ rẹ̀ wálẹ̀, òun náà ń bá wọn kígbe rẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Obìnrin kan láti ìlú ńlá ń fi aṣọ nu omijé. Ó wù mí kí n gbá a létí.

Garth ọmọ mi dìde lórí kẹ̀kẹ́, agolo bíà lọ́wọ́ rẹ̀. "Èmi ò ní fún un ní nǹkan kan o! Ohun tí ajá mi bá jẹ kù ni yóò máa jẹ!"

Orrin nàka sí i. "Hẹ́p!"

"Ó ń lọ," Burdett ní, "ó ń lọ... ó lọ!" Òòlù jábọ́.

Garth tẹ́wọ́ gba páì rẹ̀. Orrin sọ̀ kalẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀, ó rìn lọ síbi ọkọ̀ akẹ́rù Garth, ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó, ó gbé báàgì lé itan, ó sì de bẹ́líìtì. Ẹ̀rín tún bú. "Ẹ wo Orrin! Ó mọ eré ṣe ju gbogbo wọn lọ!" Katakata ti fẹ́ gbéra. Orrin kò jáde. Wọ́n dúró dè é títí, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lẹ́nu wọn, Garth bá bọ́ sílẹ̀ lọ bá a. Mo tẹ̀ lé e.

"Orrin, ó ti tó. Ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ wá jẹ adìẹ."

"Má dààmú, Garth. Màá dúró dè ọ́."

"Ẹ dúró dè mí fún kí ni?"

"Ká jọ relé. Mo lè fún wàrà, ọwọ́ mi ṣì le. Ti ajá yẹn, kò burú, mo mọ ajá rẹ, kì í jẹun púpọ̀."

Garth rẹ́rìn-ín, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé gbogbo ojú wà lára òun. "Eré mà ni, Orrin."

Orrin yọ orí síta. "Burdett! Ṣé òòlù jábọ́ àbí kò jábọ́?"

Burdett ṣí fìlà. "Ó jábọ́."

"Ta ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn?"

"Garth ni."

Noreen, ìyàwó ọmọ mi, ló kígbe látorí kẹ̀kẹ́. "Garth, o ò gbọdọ̀ dán an wò! Ẹnì kankan ò wọlé mi o! Arúgbó kan ti tó mi!"

Èmi ni arúgbó kan ọ̀hún. Gbogbo abúlé gbọ́ ọ, àtàwọn tí mi ò mọ̀ rí.

Garth fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn ọkọ̀. "Mo dá a padà," ó ní. "Ṣé ẹ gbọ́? Mo dá a padà."

Láti ìgbà tí mo ti dé abúlé yìí, n kò gbọ́ gbólóhùn yẹn rí lẹ́nu ọkùnrin kankan nídìí gbàǹjo. Àwọn ará ìlú ńlá kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn ará ilé wolẹ̀. Orrin kò bínú ní tirẹ̀. Ó mi orí bí ẹni tó mọ òfin, ó tú bẹ́líìtì.

"Ọjà tí ẹni tó rà á bá kọ̀, orí òkúta ló ń padà sí. Àbí irọ́ ni, Burdett?"

"Òótọ́ ni."

Ó padà gun òkúta. Ó bọ́ àpò oúnjẹ màlúù yẹn kúrò léjìká, ó ká a, ó fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún táì rẹ̀ tò. "Lù ú, Burdett. Lù ú dáadáa."

Ohùn àwàdà kò jáde lẹ́nu Burdett mọ́. "Ọkùnrin kan rèé. Ó mọṣẹ́. Kì í mutí. Ta ni yóò fún un ní yàrá àti oúnjẹ?"

Kò sẹ́ni tó fọhùn.

"Yàrá nìkan. Oúnjẹ, ẹ fi sílẹ̀."

Àwọn tó ń figbe ta lẹ́ẹ̀kan ń wo fóònù. Ọ̀kan ń wo ọ̀nà ilé ọlọ bíi pé ènìyàn ń bọ̀ níbẹ̀.

"Ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀yin ará. Títí òtútù á fi kọjá. Mo bẹ̀ yín."

Orrin ti gbé ọwọ́ dé àárín, ó na ìka, ó ń wá ẹni tí yóò nà án sí. Mo bá gbé ọwọ́ mi sókè.

"Hẹ́p!" Ayọ̀ tó wà nínú ohùn rẹ̀, n kò lè gbàgbé rẹ̀.

"Ardith!" ni Burdett wí. "Mo rí Ardith, ó ń—"

Garth gbá ọrùn ọwọ́ mi mú, ó fà á wálẹ̀ bí a ṣe ń fa ọwọ́ ọmọdé kúrò lẹ́nu ìkòkò. Kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Mọ́mì. Inú ilé ta ni ẹ fẹ́ gbé e sí?"

Ilé tí èmi àti bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara wa kọ́. Èmi ni mo ń gbé pákó, bàbá rẹ̀ ń kàn án mọ́lẹ̀, oyún Garth wà nínú mi. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, bí ọkọ bá kú, wọ́n á ní kí opó tètè fi ilé àti oko sórúkọ ọmọ, kí ìjọba má baà gbà wọ́n dí owó ìtọ́jú nígbà tí àìsàn ogbó bá dé. Gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é. Èmi náà ṣe é, mo rò pé ọ̀rọ̀ ìyá àtọmọ ni. N kò gbé ọwọ́ mi sókè mọ́.

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ẹlòmíràn gbà á. Láìpẹ́ gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín, irú èyí tí ènìyàn ń rín nígbà tí ewu bá fò ó dá. Burdett ti òòlù bọ àpò. "Kò tà," ó ní, ó sì rìn lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀. Verna gbé gbohùngbohùn. "Ó yá o, ẹ jókòó dáadáa, ilé ọlọ ló kàn!"

Orrin sọ̀ kalẹ̀, ó wá bá mi. Òun ló tún wá ń rẹ̀ mí lẹ́kún! "Dákẹ́, Ardith. Ọjà mìíràn wà tí kì í tà."

"Ibo lò ń lọ?"

"Èyí tí kò bá tà, ẹni tó gbé e wá ló ń gbé e lọ. Èmi ni mo gbé ara mi wá." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó mú ọ̀nà títì pọ̀n.

Ilé àwọn arúgbó aláìní tó wà ní olú-ìlú agbègbè ló gbà á. Òtútù kò tíì parí tó fi kú. Burdett nìkan ló lọ sìnkú rẹ̀. Mo ní kí Garth gbé mi lọ, ó ní màlúù kan fẹ́ bímọ. Ibùsùn onírin rẹ̀ wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, Verna lẹ ìwé mọ́ ọn pé "Ibùsùn Olùkọ́ Àtijọ́." Àwọn àlejò á fọwọ́ kàn án, wọn á ní, "Áà, ayé àtijọ́!" Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Orrin rà á lọ́wọ́ Burdett. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, mo mọ ibi tó wà lájà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Verna wá sílé wa. Ó jókòó nílé ìdáná, Noreen bu kọfí fún un.

"Ọjọ́ Àbọ̀wálé ti ń bọ̀, a ò sì tíì rí tálákà," ó ní. "Ti èṣí yẹn, díẹ̀ ló kù kó bà á jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó máa mọ̀ pé eré ni la fẹ́."

Noreen ń nu àwo. Ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ̀rín sì pa á. "Mọ́mì ńkọ́?"

"Háà! Noreen!" Verna pàtẹ́wọ́. "Wọn ò tilẹ̀ ní nílò àtíkè!"

Mo wo Garth. Ó ń fi ṣíbí ro kọfí tí kò fi ṣúgà sí. Mo dúró kó sọ̀rọ̀.

"Kò ní pẹ́ púpọ̀, Mọ́mì," ó ní. Ó gbé kọfí náà mu tán, ó wọ bàtà rẹ̀, ó jáde lọ fún wàrà.